Ẹ Bi Wá: Ohun Tí A Wá Ṣe Láyé, àti Bí A Ṣe Ń Ṣètò Rẹ̀

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ àfojúsùn pọ̀ gan-an, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀ffà àti ìhà Òmù-Àrán. A mú mẹ́rin nínú wọn. A gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 27 ni mí, mo gba HND nínú ìṣirò owó. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ-òkè àǹtí mi ní Ìlọrin. Gbogbo ìwàásù tí mo ń gbọ́ ló ń sọ pé kí n mọ ohun tí mo wá ṣe láyé. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti jókòó ronú, n kò rí nǹkan kan. Ṣé gbogbo èèyàn ló ní i ni?*

Arábìnrin wa, ẹ má fòyà. Ìjókòó ronú nìkan kì í sábà mú un jáde, nítorí ohun tó wù wá lára ẹlòmíràn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ẹ bi ọwọ́ yín, ẹ bi ẹsẹ̀ yín. Ẹ ra ìwé kékeré olójú-ewé 40 kan, kí ẹ máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ lálaalẹ́ fún ọjọ́ 14 kí ẹ tó sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: Kí ni mo ṣe lónìí tí n kò mọ̀ pé àkókò ti lọ? Kí ni ẹnì kan wá bá mi fún láìjẹ́ pé mo pè é? Kí ni mo sá fún?

Ohun tí ẹ ṣe ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ bí inú yín ṣe rí. “Inú mi dùn” kò wúlò níbí. Ojú ewé tó wúlò máa ń rí báyìí: “Àlàmísì. Mo bá ìyá kan tó ń hun òfì ya owó òwú sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èrè òun lórí ìró àti gèlè yẹn kò tó nǹkan. Mo kọ gbèsè oníbàárà mẹ́rin sínú fóònù. Mo sá fún pípe oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà.”

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ àwọn iṣẹ́ tó bá jọra. Èyí tó bá jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì sí lábẹ́ ìbéèrè kẹta, òun ni ká tẹ̀ lé. Bí kò bá sí èyí tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ tún ọjọ́ 14 mìíràn ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ dáwọ́ lé iṣẹ́ méjì tí ẹ kò ṣe rí láàárín rẹ̀, torí ìwé kò lè fi ohun tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn hàn yín. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ nínú Ràmàdáànì tàbí ní ọ̀sẹ̀ tí ìnáwó ìgbéyàwó bá pọ̀. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò jọ ọjọ́ yòókù, yóò tàn yín jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: iṣẹ́ tí mo fẹ́ máa ṣe, àwọn tí mo fẹ́ máa ṣe é fún, àti ohun tí yóò yàtọ̀ lọ́wọ́ wọn. Fún àpẹẹrẹ: “Mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ahunṣọ ní bí a ti ń kọ owó sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ èrè yàtọ̀ sí owó ọjà.” Àṣìṣe tí à ń rí jù ni “mo fẹ́ ran aráyé lọ́wọ́”. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n a kò lè tọ́ka sí ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí a kò ṣe é.

Ẹ má tíì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: èèyàn méjì, wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí 12 lápapọ̀. Bí wọn kò bá wá mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó dá ara yín lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, wákàtí tí ẹ mú ni kò bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀rù ọjọ́ náà ń bà, iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ fi ayé yín ṣe. Méjèèjì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti fi ogún ọdún ṣe èkíní nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Ohun kan tún kù. Ìdí tí a fi wà láyé kì í parí, àfojúsùn ló gbọ́dọ̀ parí. Kí ahunṣọ mọ èrè rẹ̀, ìdí nìyẹn. Kí ahunṣọ mẹ́wàá máa fọwọ́ ara wọn kọ ìwé owó kí Iléyá tó dé, àfojúsùn nìyẹn.

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú làálàá. Èlùbọ́ ni mò ń tà, nílùú kan nítòsí Òmù-Àrán. Ọjà ọrọọrún ni mò ń ná. Ní oṣù Kìíní ọdọọdún, mo máa ń kọ nǹkan mẹ́sàn-án tí mo fẹ́ ṣe: kí n ra ẹ̀rọ ìlọta tèmi, kí n ra ilẹ̀, kí ara mi fúyẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá fi máa di oṣù Kẹta, n kì í rántí ìdajì wọn mọ́. Mo ti ń rò pé ọ̀lẹ ni mí.*

Mọ́mì, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Oṣù tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa. Ẹ wo ohun tí oṣù Kìíní ń gbà lọ́wọ́ yín: owó iléèwé sáà kejì, gbèsè ọdún tó kù nílẹ̀, àti owó ọjà. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí oòrùn àti ọyẹ́ ń bá wa gbẹ iṣu, ni èlùbọ́ ń pọ̀, ìgbà náà lẹ sì gbọ́dọ̀ rà á pamọ́ de ìgbà òjò tí yóò wọ́n. Owó kan náà lẹ fẹ́ fi ṣe gbogbo èyí, tí ẹ tún fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí ọdún tiyín bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn tí owó sáà kẹta bá ti lọ, tí èlùbọ́ inú àpò sì ti ń di owó.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ká má tíì sọ mẹ́sàn-án. Ẹ mú ẹ̀rọ ìlọta, torí òun ni yóò mówó wá fún àwọn yòókù. Ẹ kọ mẹ́jọ tó kù sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ sì fi wọ́n síbẹ̀.

Ó wá ku ìṣirò. Ká ní iye tí wọ́n pe ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú owó ẹni tí yóò gbé e kalẹ̀, jẹ́ 480,000 náírà. Bí a bá fi kàlẹ́ńdà ka ọjà ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bọ́ sí: ẹ̀ẹ̀meje láàárín ọjọ́ 28, bíi 91 lọ́dún. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ ṣètò owó yín rárá, ọjà ni kí ẹ fi ṣe é. Kí ẹ tó mọ iye tí ẹ lè máa yọ, ẹ kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde fún ọjà mẹ́fà tẹ̀léra, kí ẹ sì mú èyí tó kéré jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ká ní 4,000 ni. Ọjà 120 nìyẹn. Bí alájọ yín bá ń mú ìdá kan nínú 30 gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi mẹ́rin kún un. Ẹ fi mẹ́fà mìíràn kún un fún àwọn ọjà tí owó iléèwé yóò gbé lọ. Ó di 130, ìyẹn ọjọ́ 520: ọdún kan àti nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ẹ rí i pé bí ẹ bá kọ “lọ́dún yìí”, ìṣirò ti já yín kulẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ìwà yín ni.

Ẹ tún so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìhùwàsí èèyàn láti Jámánì, kọ̀wé lórí èyí ní 1999: ẹni tó bá ti pinnu ìgbà àti ibi tí òun yóò ti ṣe nǹkan máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun fẹ́ ṣe é lọ. Gbólóhùn tiyín ni: “Tí mo bá ti ka owó tán, kí n tó palẹ̀ igbá mọ́, 4,000 á bọ́ sọ́wọ́ alájọ.” Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ délé, ọmọ á ti béèrè owó ìwé, àna á ti ránṣẹ́.

*Mo ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ dókítà ni mo fẹ́ kà ní Yunifásítì Ìlọrin. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn: Gẹ̀ẹ́sì 61, Bàọ́lọ́jì 70, Kẹ́místírì 56, Físíìsì 44. Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà dá egbò sí ìyá mi àgbà lẹ́sẹ̀, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ fún wọn. Láti ìgbà náà ni n kò ti fẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ṣé kí n tún un ṣe? Ọmọ ọdún 19, Ọ̀ffà.*

Àbúrò wa, o káre fún ìtọ́jú ìyá àgbà. Tún un ṣe, ṣùgbọ́n yí àfojúsùn náà padà. Wíwọ yunifásítì kò sí lọ́wọ́ rẹ. Máàkì Físíìsì wà lọ́wọ́ rẹ. Máàkì rẹ jẹ́ 231. Láti gbé Bàọ́lọ́jì kúrò ní 70 nira, àmọ́ bí Físíìsì bá kúrò ní 44 dé 60, tí Kẹ́místírì sì dé 66, o ti di 257. A fura pé Bàọ́lọ́jì lò ń kà jù torí pé ó dùn mọ́ ọ.

Ìdánwò náà jẹ́ ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kan. Ka ọ̀sẹ̀ 20 sẹ́yìn láti ọjọ́ ìdánwò. Fi 14 àkọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́, Físíìsì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ọpọlọ ṣì tutù. Fi mẹ́rin ṣe ìbéèrè àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú aago. Fi méjì tó kù ka ìwé àṣìṣe rẹ nìkan, ìyẹn ìwé tí o ń kọ gbogbo ìbéèrè tí o bá ṣì sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí o fi ṣì í.

Wo lẹ́tà rẹ dáadáa. Egbò ni ìwọ fúnra rẹ sọ, ìtọ́jú aláìsàn ló sì wà lọ́kàn rẹ. Dókítà máa ń gba ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, nọ́ọ̀sì ọdún márùn-ún, nọ́ọ̀sì ló sì ń wẹ egbò jù. Kí o tó wọ yàrá ìdánwò, sọ ọ̀nà kejì fún àwọn òbí rẹ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Tí o bá dúró kí èsì jáde kó o tó pinnu, ìbànújẹ́ ni yóò bá ọ pinnu.

*Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ẹni tó ń kọ ètò ọdún márùn-ún sílẹ̀ ń bá kádàrá jà. Kí lẹ rí sí i? Ìlọrin.*

Súrátul Kahfi inú Kùránì, tí ọ̀pọ̀ ń kà ní Jímọ̀, dáhùn rẹ̀, ní ẹsẹ 23 àti 24: a kò gbọ́dọ̀ sọ pé a ó ṣe nǹkan lọ́la láìfi “bí Ọlọ́run bá fẹ́” kún un. Kò ní ká má ṣètò ọ̀la. Hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) nípa ràkúnmí náà tún wà: so ó mọ́lẹ̀, kí o sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ẹ kọ Inṣa Allahu sókè ojú ewé, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lófìfo nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá-mẹ́tàlá, fún àìsàn, ìsìnkú, tàbí àlejò tí ẹ kò retí. Tí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ náà parí èyí tó kù lẹ́yìn.