Ọmọ Àgọ́-Àrẹ, Ṣakí kọ́ ni káńsù rẹ wà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni bàbá rẹ, Ìkòròdú ni wọ́n bí ọ sí, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí o ń wá ní kí o mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá, ìwé àtijọ́ tí bàbá fi sílẹ̀ sì kọ "Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dàpọ̀, Ṣakí". O wá ń béèrè bóyá Ṣakí ni kí o kọrí sí, tàbí bóyá ẹnìkan lè bá ọ gbà á kí o má rin ìrìn náà rárá. Ẹni tó dá ọ lóhùn ṣáájú mi ní, "Ṣakí náà ni, ọ̀kan náà ni gbogbo Òkè-Ògùn." Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́.

Tẹ̀dé ni kí o lọ. Ìfẹ́dàpọ̀ kò sí mọ́. Nígbà tí ìjọba Abacha dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní 1996, Ìfẹ́dàpọ̀ di mẹ́ta: Ìwọ̀-Oòrùn Ṣakí, tí káńsù rẹ̀ wà nínú Ṣakí gan-an, Ìlà-Oòrùn Ṣakí, tí tirẹ̀ wà ní Àgọ́-Àmọ̀dù, àti Atisbo, tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà ní Tẹ̀dé. Abẹ́ Atisbo ni Àgọ́-Àrẹ bọ́ sí. Ìwé bàbá rẹ kò parọ́, ó ti pẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú Èkó wo ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Atisbo nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Díẹ̀ ni gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, tòun ti ìjọba ìbílẹ̀ 20 rẹ̀, fi jù ú lọ. Káńsù mẹ́wàá ni Òkè-Ògùn ní nínú 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn lé ní ìdajì ìpínlẹ̀ náà. Ní Èkó, tí wọ́n bá darí rẹ sí káńsù tí kì í ṣe tìẹ, o lè dé èkejì kí ọjọ́ tó rọ̀. Ní Òkè-Ògùn, ọjọ́ yẹn ti lọ, owó ọkọ̀ ti lọ, o ò sì mọ ibi tí o máa sùn.

Bí tèmi ṣe lọ nìyí. Ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ yà sí, kí n lè béèrè dáadáa kí n tó wọkọ̀. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo dárúkọ ìlú bàbá mi, ó ní kí n máa lọ sí ìlú ńlá kan. Mo tún un béèrè, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Mo lọ. Ní káńsù tí mo dé, wọ́n jẹ́ kí n jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, kí kíláàkì kan tó wá sọ pé ìlú wa kò sí nínú wọ́ọ̀dù àwọn, pé káńsù míì ni. Ọ̀rọ̀ tí wọn ìbá ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà! Káńsù kejì yẹn, tí o bá wò ó lórí máàpù inú fóònù, wàá rò pé ẹ̀yìnkùlé ni. Kò sí ọ̀nà tó là á já. Ọ̀nà oko tó wà níbẹ̀, òjò ti gbé e lọ, o ní láti padà sí oríta kí o tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ á wà, ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, ọ̀kadà ni, iye tó bá sì wu ọlọ́kadà ló máa pè. Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lójú ọ̀nà. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, tí kò mọ̀ mí rí, ló ní kí n wá sùn nílé òun. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Ní káńsù kejì, ìwé mi pé, ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti lọ ìpàdé ní Ìbàdàn, Ìbàdàn tí èmi ti wá! Wọn ò mọ ọjọ́ tó máa dé, kò sì sí ẹlòmíì tó láṣẹ. Ẹnìkan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tí mo bá rí nǹkan ṣe, òun á mọ bí òun ṣe máa gbé e. Mo ní kó fún mi ní rìsíìtì, ojú rẹ̀ yí padà. Nígbà tí ìwé yẹn fi máa jáde, wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà. Àwọn tí wọ́n ń gbowó oṣù torí ilẹ̀ yìí kò mọ ilẹ̀ náà. Ọlọ́kadà mọ ààlà káńsù jù wọ́n lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù Keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ri pátákó sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ìlú àti abúlé tó wà lábẹ́ wọn sí i.

Ìwé tí wọ́n ń gbà kò le: lẹ́tà láti ilé, káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín, fótò, NIN, owó káńsù pẹ̀lú rìsíìtì. O mọ ìyókù.

Ohun tí mo fẹ́ kí o sá fún ni ìwé LCDA, ìyẹn àwọn káńsù kékeré tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. LCDA 35 ni ìjọba Ajímọ̀bí dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ọ́fíìsì wọn sì lè sún mọ́ ọ ju Tẹ̀dé lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí òfin Nàìjíríà mọ̀ ni fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ máa ń kọ. Orúkọ Atisbo ni kó wà lórí ìwé rẹ.

Ẹ̀yin ará Ìgànná tí ẹ ń kà á, Ìwéré-Ilé ni káńsù Ìwàjọwà wà, bí Ìgànná ṣe tóbi tó. Ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Àgọ́-Àmọ̀dù ni tiyín. Ìgbòho ní tirẹ̀, Ìgbẹ́tì ní tirẹ̀, Kíṣí náà sì ní tirẹ̀; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó yín pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má rò pé ẹ máa gé igbó já láti káńsù kan sí èkejì. Ọgbà ẹranko Old Oyo, tó gba ilẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, wà láàárín ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, kì í ṣe ọ̀nà àbùjá.

Ìbàdàn ni kí o gbà, Mọníyà sí Ìsẹ́yìn. Ìjọba Mákindé ti tún ọ̀nà yẹn ṣe, 65 kìlómítà ni. Láti Ìsẹ́yìn lọ sókè, má ṣe é lálẹ́. Ààlà Benin kò jìnnà sí Ṣakí, àwọn aṣọ́bodè àti ìmígíréṣọ̀n máa ń dá ọkọ̀ dúró. Fi káàdì ìdánimọ̀ sápò.

Ní ti pé kí ẹnìkan bá ọ gbà á: ẹbí rẹ tó wà nílé lè bá ọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ baálé agbo ilé, ó sì lè rí káńsílọ̀. Ìyẹn nìkan á dín ìrìn rẹ kù gan-an. Ṣùgbọ́n múra pé wọ́n lè ní kí ìwọ fúnra rẹ wá fojú hàn ní Tẹ̀dé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí ẹbí náà kọ́kọ́ lọ béèrè bóyá ẹni tó ń fọwọ́ sí i wà nílé kí o tó kúrò ní Ìkòròdú. Má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ẹbí. Rí i pé orúkọ tó wà nínú lẹ́tà baálé bá ti NIN rẹ mu, kí álífábẹ́ẹ̀tì kan má yàtọ̀. Tí o bá mọ orúkọ agbo ilé bàbá, kọ ọ́ síbí; àwọn ọmọ Àgọ́-Àrẹ kan máa ń yà síbí, wọ́n á sọ wọ́ọ̀dù tó bọ́ sí fún ọ.