Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: "Ara ò yún mi, kí ni mo tún ń lo oògùn sí?"

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ìhà Ìṣẹ̀-Èkìtì ni mo ti ń dáko kòkó, lẹ́bàá odò Ògbẹ̀sẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn apín-oògùn ń gbé ọ̀pá wá láti fi wọ̀n wá, kí wọ́n tó fún wa ní Mectizan, oògùn àrùn aràn tó ń fọ́ni lójú lẹ́bàá odò (river blindness). Lọ́dún tó kọjá, ojú àti ẹsẹ̀ ìyàwó mi wú lẹ́yìn tó lò ó, ó ní òun ò ní fẹnu kàn án mọ́. Èmi ò tilẹ̀ rí àrùn kankan lára mi. Ṣé dandan ni? — Bàbá Olóko

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú oko. Mo mọ ọ̀pá yẹn dáadáa, mo dì í mú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Gíga èèyàn ló ń sọ iye hóró tó máa lò, láti ẹyọ kan dé mẹ́rin. Bàbá kúkúrú kan bá mi jà nígbà kan pé mo fún ìyàwó òun ní mẹ́rin, mo fún òun ní mẹ́ta, ta wá ni baálé?

Ìyàwó yín gan-an ló yẹ kó lò ó. Àwọn ọmọ aràn tó wà lábẹ́ awọ ni oògùn náà ń pa. Bí wọ́n bá pọ̀, tí wọ́n ń kú, ara á wú, á sì yún. Ọjọ́ díẹ̀ ni, ó sì máa ń dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí èémí bá ń há a tàbí òòyì ń kọ́ ọ, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní tiyín, aràn lè wà lára láì tíì hàn, oògùn náà ò sì lè pa ìyá aràn. Ó kàn ń dá ọmọ bíbí rẹ̀ dúró fún oṣù mélòó kan ni, ìyá aràn náà sì lè lo ọdún 10 sí 15 nínú ara. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá lọ́dọọdún. Kí àrùn náà tó fọ́ni lójú, ó ti pẹ́ nínú ara.

Ibi tó ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ ahéré oko. Àárín ìlú ni apín-oògùn máa ń dúró sí, lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn lébìrà tó wá láti Benue àti Kogi wà lẹ́nu iṣẹ́ yín. Eṣinṣin dúdú kékeré tó ń yé ẹyin sínú omi tó ń sáré lórí òkúta, ọ̀sán lòun náà ń jẹni, nẹ́ẹ̀tì ò sì ràn án. Ó lè gba ọmọ aràn lára lébìrà, kó sì gbé e fún ọmọ-ọmọ yín. Bí a bá fẹ́ kí àrùn yìí tán, ó kéré tán èèyàn 80 nínú 100 tó yẹ kó lò ó gbọ́dọ̀ máa lò ó, lọ́dún dé ọdún. Orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa, ṣe é: ní January 2025 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán níbẹ̀. Àwa náà ṣáà lé sòbìyà lọ, wọ́n fún Nàìjíríà níwèé ẹ̀rí ní 2013.

Kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, ìyá tó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àti ẹni tí àìsàn dá wó. Ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni: láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ti ń fi í ta wá lọ́rẹ.

Ẹ bá apín-oògùn yín sọ ọ́ kó wá sí ahéré ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn lébìrà tó sùn. Bí kò bá lè wá, ẹ kó wọn wá bá a.