Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ tí pátẹ́ǹtì oògùn jẹjẹrẹ yóò parí

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ìgbà tí pátẹ́ǹtì oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ pemetrexed parí, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ṣe é pé òun nìkan ni yóò máa ṣe é tà fún ìgbà kan, kí ẹ lè mọ̀ bóyá àwọn tó wà nílé lè máa bá yín ra èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Oògùn kan ṣoṣo lè ní pátẹ́ǹtì púpọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń parí kì í sì í dọ́gba, nítorí náà ẹ má ṣe gba ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìbéèrè pé pátẹ́ǹtì wo ni, àti ti orílẹ̀-èdè wo.

Orúkọ èròjà oògùn, ìyẹn pemetrexed, ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe Alimta tí ilé-iṣẹ́ fi ń tà á. Nínú Orange Book, àkójọ oògùn ti FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ óò rí nọ́ńbà pátẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan tí kò tíì parí àti ọjọ́ tí yóò parí: àmì DS wà fún èyí tó dá lórí èròjà gan-an, DP fún èyí tó dá lórí bí wọ́n ṣe pò ó, U sì wà fún ọ̀nà tí a ń gbà lò ó. Àmì U yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Ní Amẹ́ríkà, ààbò orí èròjà pemetrexed parí ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ṣùgbọ́n Eli Lilly, ilé-iṣẹ́ tó ni Alimta, ní pátẹ́ǹtì mìíràn lórí fífún aláìsàn ní folic acid àti fítámìnì B12 kí ó tó gba oògùn náà, èyí tí wọ́n jà fún títí dé ilé-ẹjọ́ tí wọ́n sì jàre, tí kò sì parí títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Oṣù mẹ́fà tí òfin ibẹ̀ ń fi kún un nítorí ìwádìí lórí àwọn ọmọdé wà nínú ọjọ́ méjèèjì.

Pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà kò múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin tiwa fún un ní ogún ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè fún un, bí wọn kò bá sì san owó ọdọọdún, ó ti kú nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo MedsPaL ti àjọ Medicines Patent Pool lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń kó ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì oògùn ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa jọ. Bí oògùn yín kò bá sí níbẹ̀, kí agbẹjọ́rò bá yín yẹ àkọsílẹ̀ ìjọba wò ní Àbújá.

Ní tèmi, ìbéèrè tó ṣe kókó jù fún Màmá ni bóyá NAFDAC ti forúkọ oògùn náà sílẹ̀, nítorí pé pátẹ́ǹtì lè ti parí kí oògùn tó dínwó má sì tíì gba ìwé àṣẹ. Ẹ wá a nínú Greenbook, àkójọ àwọn oògùn tí NAFDAC ti forúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí ẹni tó bá rà á ya àwòrán páálí rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ lè fi nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ wé ohun tó wà níbẹ̀ kí dókítà tó lò ó.