Ihò Márùn-ún Nìkan Kọ́ Ni Rímù Fi Ń Bá Ọkọ̀ Mu

Ojú Ìwé Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọkọ̀

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra BMW Z4 tókúnbọ̀ kan, ti ọdún 2004, rímù íǹṣì 17 ló sì gbé wá. Rímù náà ti họ, ojú rẹ̀ kò wù mí mọ́. Bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní àdúgbò wa ní mẹ́rin tí wọ́n tú lára Bẹ́ǹsì, íǹṣì 19 ni wọ́n, wọ́n sì ń dán yanranyanran. Wọ́n ní ihò márùn-ún ni tèmi, ihò márùn-ún náà ni tiwọn, àti pé bí ó bá tilẹ̀ fún díẹ̀, mẹkáníìkì yóò mú un wọlé. Mo ti san àsansílẹ̀. Ṣé kí n lọ san ìyókù?
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Ìsọ̀kùn, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ kún un. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Òṣómàáló lóòótọ́, ẹ lọ lóṣòó síwájú ìsọ̀ bàbá náà títí àsansílẹ̀ yẹn yóò fi padà sọ́wọ́ yín, nítorí rímù Bẹ́ǹsì kò lè wọ Z4, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá pé ó fún díẹ̀.

Ẹ fojú inú wo òbìrí kan tó gba àárín ihò bóòtù márààrún kọjá. Lára ọkọ̀ yín, ìbú òbìrí náà jẹ́ mìlímítà 120. Lára Bẹ́ǹsì, 112 ni. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé láti àárín ihò kan dé àárín ihò tó tẹ̀ lé e, mìlímítà 70.5 ni tiyín, 65.8 sì ni tiwọn. Kò tó mìlímítà márùn-ún, ohun tí ó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi agbára ti bóòtù wọlé, yóò wọlé ní wíwọ́, orí rẹ̀ yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, yóò sì máa tú fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Orí bóòtù náà tún yàtọ̀ síra: ibi tí ti BMW fi ń kan rímù tẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ bí àrọ tí a fi ń rọ epo, ti Bẹ́ǹsì sì rí roboto bí ìdí ẹyin. Ìkan kò lè jókòó dáadáa sínú ihò èkejì.

Àní bí a bá gbójú kúrò lára bóòtù, họ́ọ̀bù, ìyẹn ibi tí a ń de rímù mọ́ lára ọkọ̀, kò ní gbà. Ìbú orí họ́ọ̀bù Z4 tó yọ síta jẹ́ mìlímítà 72.6, ihò àárín rímù Bẹ́ǹsì sì jẹ́ 66.6. Bí wọ́n bá ń fi hámà lù ú di ọ̀la, kò ní wọ̀, àfi kí wọ́n gbẹ́ ihò náà fẹ̀. Mo ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń fi fáìlì ha ihò rímù báyìí lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọkùnrin tó ń ha á jókòó lórí táyà àtijọ́, ó gbé rímù sáàárín orúnkún rẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun fún ìyẹ̀fun alumínọ́ọ̀mù. Nígbà tí ó ṣe tán, ihò náà ti rí gọ́ngọ̀-gọ̀ngọ́ bí ẹnu ìkòkò tó ti fọ́, rímù yẹn kò sì ní dúró sí àárín mọ́ láéláé.

Bí ẹ bá wá ní ẹ ó kúkú wá rímù BMW, ẹ ṣì ní láti ṣọ́ra. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tókúnbọ̀ ni ti E39, ìyẹn BMW aláàárín tí wọ́n ṣe láti ọdún 1995 sí 2003. Òbìrí 120 ni òun náà, nítorí náà bóòtù yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ihò àárín rẹ̀ fi mìlímítà 1.5 fẹ̀ ju họ́ọ̀bù yín lọ, òrùka tí a ń fi sáàárín lè yanjú ìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rímù pé ET. Àwọn ará Jámánì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì le: ẹ la ìbú rímù sí méjì dọ́gba, kí ẹ wá wo iye mìlímítà tí ojú tó kan họ́ọ̀bù fi kúrò láàárín sí ìhà ìta. Bí ET bá ṣe kéré tó ni rímù ṣe ń yọ síta tó. Rímù íǹṣì 17 ti Z4 fẹ̀ ní íǹṣì 8, ET rẹ̀ sì jẹ́ 47. Ọ̀pọ̀ rímù E39 tí ìbú wọn jẹ́ íǹṣì 8 kan náà ń jẹ́ ET 20. Ìyàtọ̀ mìlímítà 27 nìyẹn, ó tó ìbú àtàǹpàkò àgbàlagbà. Táyà yóò yọ jáde lábẹ́ fẹ́ńdà, yóò máa ha á bí ẹ bá ti gbé èrò, ẹrù ọkọ̀ yóò sì máa tẹ bíárìn láti ibi tí wọn kò ṣe é fún.

Bí ẹ bá fẹ́ rímù tuntun, ìṣirò kan náà ni. Ká ní wọ́n fún yín ní rímù tó fẹ̀ ní íǹṣì 8.5, tó jẹ́ ET 35: ojú ìta rẹ̀ yóò fi mìlímítà 18 yọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì fi bíi mìlímítà mẹ́fà jìnnà sí ṣọ́kì. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà yín kí ẹ tó gbà.

Ó ku gíga. Táyà tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín báyìí gbọ́dọ̀ máa jẹ́ 225/45R17. Mìlímítà 225 ni ìbú rẹ̀, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn, ìyẹn 101. Àpapọ̀ gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè wá jẹ́ 634. Bí ẹ bá lọ sí íǹṣì 18 pẹ̀lú 225/40, gíga rẹ̀ á di 637, ọkọ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀. BMW fúnra wọn fi 225/40R18 síwájú àti 255/35R18 sẹ́yìn lára àwọn Z4 kan, 637 àti 636 ni gíga wọn. Ẹ rí i pé wọ́n mú kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ kí ọkọ̀ má yọ̀ ń fi ìyára yíyí ẹsẹ̀ iwájú wé ti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé 245/35R19 sí i, 654 ni, ó ti fi ogún mìlímítà ga jù. Ibi tí ó yẹ kí aago ìyára ọkọ̀ pè ní 100, yóò máa pè é ní 97.

Ní tèmi, n kò ní kúrò lórí íǹṣì 17. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Iléṣà sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí sí Àkúrẹ́ mọ bí kòtò ṣe ń lúgọ sábẹ́ omi òjò. Rọ́bà tí ó ga ní mìlímítà 101 ló wà láàárín rímù yín àti kòtò náà lónìí. Lórí 235/35R19, ó di 82. Mìlímítà mọ́kàndínlógún yẹn gan-an ni rímù fi ń ká kò. Ẹ tún rántí pé BMW kò fi táyà sípéà sínú Z4 yìí. Táyà tó lè rìn láìní afẹ́fẹ́ fún nǹkan bí kìlómítà 80, láìsáré ju 80 ní wákàtí lọ, ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá fi táyà lásán rọ́pò rẹ̀, kí ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kékeré wà nínú bóòtì nígbà gbogbo.

Ọjọ́ tí ẹ bá de rímù tuntun náà, ẹ lọ ẹfun díẹ̀ mọ́ omi, kí ẹ fi pa èjìká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gbé ẹnì kan tó sanra jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ yí sìtíárìn dé òpin sọ́tùn-ún àti sósì lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Bí ẹfun bá ti kan abẹ́ fẹ́ńdà tàbí ara ṣọ́kì, ẹ ó rí i ní funfun. Ẹ dá rímù padà nígbà tí kò tíì họ.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, Toyota Celica ọdún 2001 ni mo ń wà. Láti ìgbà tí mo ti de rímù tuntun sí i ni sìtíárìn ti ń gbọ̀n bí mo bá ti dé 90. Fọkanáísà ti bá mi bálánsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ihò bóòtù bá a mu o, mo ti wọ̀n ọ́n.
Ìyá Ìbejì, Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà sinmi, nítorí mo rò pé rímù náà kò jókòó sí àárín ni. Ìbú họ́ọ̀bù Celica yín jẹ́ mìlímítà 54.1. Àwọn tó ń ṣe rímù fún ọkọ̀ onírúurú máa ń gbẹ́ ihò àárín rẹ̀ fẹ̀, 73.1 ni ó wọ́pọ̀, kí ó lè gba họ́ọ̀bù púpọ̀, wọn a sì fi òrùka ṣíṣu tàbí alumínọ́ọ̀mù dí àlàfo náà. Ẹ bọ́ ẹsẹ̀ kan kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí òrùka kò bá sí níbẹ̀, nọ́ọ̀tì nìkan ló ń gbé rímù náà dúró, kò sì sí bálánsì tó lè wo ìyẹn sàn. Òrùka tí ìta rẹ̀ jẹ́ 73.1, tí inú rẹ̀ jẹ́ 54.1, ni kí ẹ béèrè.

Nígbà tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ gbé nọ́ọ̀tì kan sọ́wọ́. Nọ́ọ̀tì tí Toyota fi de rímù alumínọ́ọ̀mù tiwọn nígbà yẹn ní ọrùn gígùn àti wáṣà pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n rímù tí ẹ rà gba nọ́ọ̀tì tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí àrọ. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ ni wọ́n lò, ẹ má wà á lọ sí ibì kankan mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n so wọ́n nígbà tí jáàkì ṣì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí wọ́n máa fo ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i, kí wọ́n sì parí rẹ̀ pẹ̀lú sípánà tí ń díwọ̀n agbára, ní 103 Nm. Ọmọ iṣẹ́ tó ń gun orí sípánà tí ó ń fò lé e kò díwọ̀n ohunkóhun. Ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Ìbéèrè: Wọ́n fẹ́ ta táyà tókúnbọ̀ tó dúdú mìnìjọ̀ fún mi, 2316 ni mo rí lára rẹ̀. Ṣé ó ṣì dára?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Rárá, ó ti pẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, nǹkan tí wọ́n fi pa á lára ló mú kí ó dúdú. Òfin Nàìjíríà tilẹ̀ kò gbà kí wọ́n kó irú táyà àlòkù bẹ́ẹ̀ wọ̀lú. Bí ẹ bá lọ ra tuntun, tí ẹ kò sì rí òǹkà mẹ́rin náà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí yín, ẹ ní kí wọ́n yí táyà náà padà, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ sí.