Jọ́gíráfì ni mo kà: ṣé báńkì lè gbà mí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì, 2:2 ni mo gbé jáde. Ọmọ ọdún 24 ni mí, oṣù méjì ló kù kí n parí àgùnbánirọ̀. Ètò tí àwọn báńkì fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé níṣẹ́ ló wù mí, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti bá mi rí iṣẹ́ àdéhùn lórí káńtà. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Jọ́gíráfì kọ́ ni ìṣòro rẹ. Àwọn báńkì wa ń gba ẹni tó ka ẹ̀kọ́ yòówù. Ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ ni wọn yóò béèrè, àti kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń gba 2:2, àwọn mìíràn kì í gba ohun tó bá kéré sí 2:1. Ọjọ́ orí ló yẹ kó kán ọ lójú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 26 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá fi ọdún méjì jókòó sórí káńtà pẹ̀lú èrò pé wàá padà wá gba fọ́ọ̀mù, o lè bá ilẹ̀kùn ní títì.

Iṣẹ́ àdéhùn kì í ṣe ohun ẹ̀gàn o. Mo mọ àwọn tó ti ibẹ̀ di òṣìṣẹ́ báńkì gan-an. Ṣùgbọ́n béèrè kí o tó fọwọ́ síwèé: orúkọ ta ló wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà, ti báńkì ni àbí ti iléeṣẹ́ tó ń bá wọn wá èèyàn? Bí kò bá sí owó oúnjẹ nílé, gbà á, kí o sì máa kọ̀wé sí àwọn ètò náà lọ. UBA ń pe tirẹ̀ ní GMAP. Access ní tirẹ̀, First Bank náà ní.

Àkókò ló ń já èèyàn nínú ìdánwò wọn, ìṣirò ibẹ̀ kò le. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n ní ọjà ₦80,000, wọ́n yọ ìdá 15 nínú 100 kúrò, eélòó ló kù? Má wá bírò. Ìdá 10 jẹ́ ₦8,000, ìdajì rẹ̀ ₦4,000, àpapọ̀ ₦12,000. Ó ku ₦68,000. Máa ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ́ ọ lára.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fiyè sí jù ni ilé ẹ̀kọ́ tí báńkì ń kó àwọn tó bá yege ìdánwò náà lọ. Oṣù mélòó kan ni, ìdánwò sì ń tẹ̀lé ìdánwò. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá pé, ilé ni wọ́n ń dá a padà sí. Mi ò gbàgbé ọjọ́ tí olùkọ́ wa kó ₦10,000 sórí tábìlì. Ó ní, “Oníbàárà kó èyí wá. Ṣé báńkì ti lówó sí i, àbí ó ti jẹ gbèsè?” Gbogbo wa pariwo pé ó ti lówó. Ó ní méjèèjì ni: owó inú dúrọ́ọ̀ lé sí i, ohun tí wọ́n ń pè ní dẹ́bíìtì nínú ìwé ìṣirò báńkì nìyẹn; ṣùgbọ́n a jẹ oníbàárà ní iye yẹn gan-an, kírẹ́díìtì sì nìyẹn nínú akáǹtì rẹ̀. Àwa tí a kò ka ìṣirò owó rò pé kírẹ́díìtì túmọ̀ sí owó tó wọlé fún báńkì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ṣubú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kọ́ ọ báyìí, kí o tó débẹ̀.

Ẹni tó bá ní kí o sanwó kí wọ́n tó gbà ọ́ síṣẹ́, gbájú-ẹ̀ ni. Wá oníduúró méjì sílẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ tí wọ́n sì mọ ilé yín. Mo ti rí ẹni tó yege gbogbo ìdánwò, tó wá ń sáré kiri nítorí pé kò rí ẹni tí yóò fọwọ́ síwèé fún un. Lọ bá tìrẹ sọ̀rọ̀ kí àgùnbánirọ̀ tó parí.