Ṣé Ẹ̀dà Tó Pẹ́ Ló Léwu?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ̀n, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, Debian 12, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lo Arch, ètò mìíràn irú rẹ̀, ní ohun tó ti gbó ni mò ń lò, àti pé mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Ṣé òótọ́ ni? (Olùkàwé yín, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Nọ́ńbà ẹ̀dà nìkan ni ọ̀rẹ́ yín ń wò. Debian, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń ṣe láti ọdún 1993, kì í sábà fi ètò tuntun pààrọ̀ ti àtijọ́ nínú stable, ẹ̀ka rẹ̀ tó dúró ṣinṣin, lẹ́yìn tó bá ti jáde. Bí àlébù ààbò bá yọjú, àtúnṣe àlébù yẹn nìkan ni wọ́n ń mú wá láti fi dí ihò inú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ apt changelog curl sójú tẹ́míná, ẹ ó rí i pé 7.88.1 ti oṣù Kejì ọdún 2023 ni curl, ètò tó ń gba fáìlì láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tiyín ṣì ń jẹ́, ṣùgbọ́n +deb12u wà ní ìdí nọ́ńbà náà, oǹkà tó tẹ̀ lé e ń gòkè bí wọ́n ṣe ń ṣàtúnṣe, nọ́ńbà CVE (nọ́ńbà ìdánimọ̀ àlébù ààbò) àwọn ihò tí wọ́n dí sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní Arch, kì í sábà pẹ́ lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ètò bá ti gbé tuntun jáde kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, tòun ti ìlò tó yí padà àti àlébù tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣàkíyèsí lórí Debian sid, ẹ̀ka Debian tí ètò tuntun kọ́kọ́ ń wọ̀, pé wíwọlé pẹ̀lú ssh, ètò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọ ipa rẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan fi pamọ́ sínú xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ti wọ sid àti testing, ẹ̀ka ìdánwò, ṣùgbọ́n kò tíì dé stable.

Síbẹ̀, àwọn tó ń kọ ètò ní ẹ̀hónú tí mi ò lè fojú fò. Ní ọdún 2016, Jamie Zawinski tó kọ XScreenSaver, ètò tó ń bo ojú kọ̀ǹpútà tí a kò bá lò ó, fárígá, nítorí àlébù tó ti tún ṣe tipẹ́ ni àwọn tó ń lo ẹ̀dà àtijọ́ inú Debian ṣì ń kọ̀wé sí i lé lórí. Ó ti fi ìkìlọ̀ sínú ètò náà pé ẹ̀dà yìí ti pẹ́ jù. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ yọ ìkìlọ̀ náà, ó ní kí wọ́n kúkú yọ ètò òun kúrò nínú Debian pátápátá. Lójú tèmi, ó jàre: ẹni tó bá pinnu láti di ẹ̀dà àtijọ́ mú ló yẹ kó gba ẹ̀sùn rẹ̀. Debian fúnra rẹ̀ gbà pé ètò kan wà tí ìlànà yìí kò bá mu, ìdí nìyẹn tí Firefox ESR, ètò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, fi ń gba ẹ̀dà tuntun nínú stable.

Fún ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ti ń dúró de iṣẹ́, mo ní kí ẹ wà lórí stable. Bí ètò kan ṣoṣo bá pọn dandan kó tuntun, ẹ wò ó nínú backports, ibi tí Debian ń kó ẹ̀dà tuntun sí fún àwọn tó ń lo stable. Ẹ máa ṣe apt update àti apt upgrade lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì palẹ̀ mọ́ fún Debian 13, tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025.