Èsì: Níbo ni mo ti lè rí àlòkù irin fi ṣe ère ní Ifẹ̀, kí ó má sì dípẹtà níta?

Ẹ ǹlẹ́ o. Àwọn mẹkáníìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ bá dọ́rẹ̀ẹ́. Ṣéènì ọ̀kadà ni mo fẹ́ràn jù, torí ó rọrùn láti tẹ̀. Ó dára fún irun ọrùn ẹṣin. Àmọ́ ẹ má fi iná wẹ́ẹ̀dì jó táǹkì epo o, bó ti wù kó gbẹ tó! Atẹ́gùn epo tó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàù. Páànù tí wọ́n fi síńkì bò ńkọ́? Èéfín rẹ̀ ń fa ibà àti òtútù, èmi kì í jó o rárá.

Ní ti ìpẹtà, ẹ fọ gíríìsì kúrò pátápátá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kó gbẹ, kí ẹ tó fi fánííṣì kùn ún. Ẹ lu ihò sábẹ́ ère náà, torí omi tó bá dúró nínú rẹ̀ ló ń jẹ irin láti inú.

Oníṣẹ́ ọnà Dotun Popoola ti fi irú iṣẹ́ yìí lókìkí ní Ifẹ̀ níbí. Tí ẹ bá fẹ́ pàtẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU). Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀ ná; irin wúwo, ó ń fọ́ táìlì ilẹ̀.